Káàdì àwìn lẹ ń wá, àbí owó ọjà?

Ìbéèrè: Léèsì ni mò ń tà ní Gbájúmọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Balógun. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Texas. Ó ní òun wọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní credit union, wọ́n sì fún òun ní káàdì tí òun fi ń ra nǹkan kí owó tó wọlé. Ó ní kí èmi náà wá irú rẹ̀ níbí. Àwọn ará ọjà wa ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń ṣèpàdé. Tí mo bá wọ ẹgbẹ́ wọn, ṣé wọ́n á fún mi ní káàdì? ₦400,000 ni mo nílò, mo fẹ́ fi kó ọjà ọdún, oṣù mẹ́ta ló sì kù. Ọkọ mi kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ lóònù. Ṣé òun náà máa ní láti buwọ́ lùwé?

Ìdáhùn:

Ìyá oníléèsì, ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ yí yín ká: rárá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọjà yín kò ní fún yín ní káàdì. Ní Èkó níbí, báǹkì ló ń fún èèyàn ní irú káàdì tí àbúrò yín ń sọ. Ohun tí ẹgbẹ́ ń fún ọmọ ẹgbẹ́ ni owó, tí wọ́n á san sí àkáǹtì rẹ̀, tí òun náà á máa dá a padà lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa ìwé dé. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì rí ibi tí ẹ ti nílò káàdì níbẹ̀. Owó ọjà lẹ nílò. Ọ̀tọ̀ ni káàdì, ọ̀tọ̀ lowó ọjà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a jókòó sí.

Ohun tí àbúrò yín wọ̀ lọ́hùn-ún àti ohun tí àwọn ará ọjà yín ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Orúkọ tí àwa ń pè é ti túmọ̀ ara rẹ̀: ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ kù. Ẹ jẹ nínú owó yín, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù. Èyí tí gbogbo yín ṣẹ́ kù ni wọ́n kó jọ, òun ni wọ́n ń yá ẹni tó bá nílò rẹ̀ láàárín yín, èlé tí onítọ̀hún bá sì san, àpò gbogbo yín náà ló ń padà sí. Ní ilẹ̀ Jámánì, ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí Friedrich Wilhelm Raiffeisen ti kó àwọn àgbẹ̀ jọ ṣe irú rẹ̀ nítorí àwọn olówó èlé tí wọ́n ń fi gbèsè pa wọ́n lẹ́kún. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1908 ni wọ́n dá àkọ́kọ́ sílẹ̀, ní ìlú Manchester ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ. Ní tiwa, ìjọba òyìnbó ṣe òfin rẹ̀ ní 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Kí òfin yẹn tó dé rárá ni a ti ń dá èésú. Ìyàtọ̀ wọn ni pé nínú èésú, tó bá kàn yín, ẹ kó o, ó parí. Nínú alájẹṣẹ́kù, owó kì í tán nílẹ̀.

Ti àbúrò yín kò ní pẹ́. Àwọn tó ń fi owó pamọ́ sínú irú ẹgbẹ́ yẹn náà ló ni ín, ìbò kan sì ni olúkúlùkù ní, ẹni tó ní dọ́là 50 àti ẹni tó ní 50,000. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ṣáá ló ń wọ̀ ọ́. Ohun kan gbọ́dọ̀ so yín pọ̀: ibi iṣẹ́, ìjọ, àdúgbò, tàbí kí ẹ jẹ́ ẹbí ẹni tó ti wà nínú rẹ̀. Owó ìwọlé kì í pọ̀, dọ́là 5 sí 25 ni ti ọ̀pọ̀ wọn, owó yẹn náà ló sì di ìpín èèyàn nínú ẹgbẹ́. Àwọn tó bá wà lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ wọn, èlé orí káàdì wọn kò gbọdọ̀ kọjá 18% lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ti ọ̀pọ̀ báǹkì lọ́hùn-ún ti lé ní 20%. Ìjọba tún dúró fún owó olúkúlùkù títí dé dọ́là 250,000, bí ẹgbẹ́ bá tilẹ̀ fọ́. Ẹ rí i pé ẹnu àbúrò yín yẹ kó dùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò lè jókòó sí Gbájúmọ̀ kí ẹ gba tirẹ̀. Kó tó kan ọ̀rọ̀ ẹbí, wọ́n máa béèrè nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń dá èèyàn mọ̀, àti àdírẹ́sì ibi tí ẹ ń gbé níbẹ̀. Ó lè fi orúkọ yín kún káàdì tirẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ohun tí ẹ bá fi rà, òun ni wọ́n máa mú. Tí ọjà kò bá yá lọ́dún yìí ńkọ́? Ẹ má gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sáàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù pé òun á bá yín gba káàdì credit union láti Amẹ́ríkà, kí ẹ sáà san owó fọ́ọ̀mù, ẹ ní kó kọ́kọ́ ra léèsì márùn-ún lọ́wọ́ yín ná. Kò ní padà wá.

Ó kan káàdì fúnra rẹ̀. Káàdì tí ẹ ń kì bọ ẹnu ATM báyìí, owó ara yín ló ń fún yín. Tí àkáǹtì bá gbẹ, ó dákẹ́. Káàdì àwìn, owó báǹkì ló ń ná. Wọ́n á dá iye kan fún yín, ká ní ₦400,000. Ẹ ná an, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí oṣù bá parí, sítétímẹ́ǹtì á wọlé sórí fóònù yín. Tí ẹ bá san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, ẹ kò ní san èlé lórí ọjà tí ẹ fi rà. Ibi tó ti dùn nìyẹn, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó ń gba owó oṣù, tó mọ̀ pé bí ọjọ́ 25 bá ti pé aláàtì á dún, tí á sì san án tán lẹ́ẹ̀kan náà, káàdì yìí kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Mo mọ òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Surulérè tó ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì san kọ́bọ̀ kan ní èlé rí.

Àmọ́ lábẹ́ sítétímẹ́ǹtì yẹn, ìlà kan wà níbẹ̀, ìlà kékeré: iye tó kéré jù tí ẹ lè san lóṣù yìí. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn. Ẹ mú kakuléítọ̀ ṣọ́ọ̀bù yín, ká jọ ṣe é. Ká ní èlé jẹ́ 3% lóṣù, kí iye tó kéré jù sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá gbèsè. Àpẹẹrẹ ni mo ń ṣe, báǹkì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ jẹ ₦400,000, ẹ san ₦40,000. Nínú ₦40,000 yẹn, ₦12,000 ti bá èlé lọ, ₦28,000 péré ló kan gbèsè lára. Ó ku ₦372,000. Lóṣù kejì, ẹ san ₦37,200, èlé tún gbé ₦11,160 níbẹ̀. Ẹ ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ẹ kò jẹ́ kó yẹ̀ lóṣù kan, títí ọdún fi yí po. Ní ìparí oṣù kejìlá, ẹ ti san nǹkan bíi ₦332,000 fún báǹkì, ẹ ṣì jẹ wọ́n ní nǹkan bíi ₦167,000. Léèsì tí ẹ fi owó yẹn kó, wọ́n ti fi jó níbi ìgbéyàwó mẹ́ta, òmíràn ti ń ṣí nídìí àpótí, ẹ̀yin ṣì ń san owó rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó kan ẹ̀yin oníṣòwò ju òṣìṣẹ́ oṣù lọ. Àwọn tí ẹ ń kó ọjà lọ́wọ́ wọn, àwọn tó ń kó léèsì wọlé láti Austria àti ilẹ̀ Ṣáínà, ta ló máa jẹ́ kí ẹ gbé káàdì yọ nínú wọn? Tírànsífà ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ: ọmọ ṣọ́ọ̀bù á ti di ọjà, á tún gbé ọwọ́ lé e, á máa wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá á máa wo fóònù, títí aláàtì fi máa dún kí ó tó tì í sí yín. Nítorí náà, tí ẹ bá gba káàdì àwìn, ẹnu ATM lẹ máa gbé e lọ láti fi gba owó. Ọjọ́ tí ẹ bá sì fi káàdì àwìn gba owó, kò sí pé èlé ń dúró de ìparí oṣù mọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún bu owó iṣẹ́ lé e nítorí pé ẹ gba owó lẹ́nu ATM.

Báǹkì fúnra rẹ̀ kò sì ní kàn gbé e fún yín bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fẹ́ rí owó oṣù tó ń wọlé déédéé. Ẹni tí kò bá ní owó oṣù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ní kó gbé owó kan kalẹ̀ tí wọ́n á tì pa, kí wọ́n tó fún un ní àwìn lórí rẹ̀. Ẹni tó ń wá ₦400,000, ẹ ní kó lọ gbé ₦400,000 wá. Ẹ bá mi wò ó.

Kí n tó kúrò lórí báǹkì, ẹ rántí BVN yín, nọ́ńbà onídíjíìtì 11 tí gbogbo báǹkì fi ń dá èèyàn mọ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2014. Nígbà kan, èèyàn lè jẹ báǹkì kan ní gbèsè kó sì gbé owó rẹ̀ lọ sí òmíràn, kó máa yan fanda. Láti oṣù kẹjọ 2020 ni CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti fi òpin sí ìyẹn. Tí ẹ bá jẹ báǹkì lówó tí ọjọ́ sì ti kọjá, wọ́n lè gba BVN wọ àkáǹtì yín ní báǹkì mìíràn, kí wọ́n yọ owó wọn níbẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ yín. Owó ilé-ìwé ọmọ lè wà níbẹ̀ o, owó oníbàárà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó lè wà níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tún wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa kọ orúkọ ajigbèsè àti ẹni tó san gbèsè rẹ̀ sílẹ̀, CRC, FirstCentral àti CreditRegistry, ibẹ̀ sì ni báǹkì máa kọ́kọ́ wò kó tó dá yín lóhùn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó dé: ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí ìpàdé Sátidé.

Wíwọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò le. Ẹnì kan tó ti wà níbẹ̀ á mú yín wá, ẹ ó gba fọ́ọ̀mù, ẹ ó mú fọ́tò àti NIN yín dání, ẹ ó san owó ìwọlé, wọ́n á fún yín ní páásìbúùkù. Ìwé pẹlẹbẹ yẹn ni gbogbo ẹ̀rí yín, ẹ má fi í sílẹ̀ sọ́wọ́ akọ̀wé nítorí pé ó ní òun á bá yín kọ ọ́ tó bá yá. Ẹ ṣí i wò. Ẹ máa rí ojú ìwé tí wọ́n fi ìlà pín sí ọ̀nà bíi mélòó kan: owó ìpín, owó ìfipamọ́, lóònù, èlé, ìtanràn, àti ibi tí akápò ń buwọ́ lù. Ìpín àti ìfipamọ́ kì í ṣe nǹkan kan náà. Owó ìpín ló sọ yín di ọ̀kan lára àwọn tó ni ẹgbẹ́, ẹ kò ní rí i yọ àfi tí ẹ bá ń kúrò. Owó ìfipamọ́ ni wọ́n ń wò tí ẹ bá fẹ́ yá owó.

Ẹ máa dúró. Ohun tí kò dùn mọ́ ẹni tó nílò owó kíákíá nìyí: ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kì í yá ọmọ ẹgbẹ́ tuntun lówó títí á fi tó oṣù mẹ́fà, iye tí wọ́n ń yá èèyàn sì sábà máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́. Tí ẹ bá ń san ₦20,000 lóṣù, oṣù mẹ́wàá ló máa gbà kó tó pé ₦200,000, ìgbà yẹn lẹ tó lè béèrè ₦400,000. Ẹ ó tún wá onídùúró méjì, ọmọ ẹgbẹ́ ni àwọn náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ má rò pé ìbuwọ́lùwé lásán ni. Títí ẹ ó fi san gbèsè yín tán, wọn kò ní lè yọ owó tiwọn. Tí ẹ kò bá san án, nínú tiwọn ni ẹgbẹ́ ti máa bù ú. Ojú yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn san gbèsè alájẹṣẹ́kù ju ti báǹkì lọ. Ta ló fẹ́ bá onídùúró rẹ̀ pàdé lórí àtẹ̀gùn ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, nígbà tí owó onídùúró náà ti há nítorí gbèsè tirẹ̀? Ìyẹn náà á kàn yín o. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá ní kí ẹ dúró fún òun, kì í ṣe bírò yín ló ń buwọ́ lùwé, owó yín ni.

Ẹ tún mú kakuléítọ̀. Lóònù ₦400,000 ní èlé 10%, tó jẹ́ iye tí ẹ máa bá ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ₦40,000 ni èlé. Àpapọ̀ jẹ́ ₦440,000. Ẹ pín in sí oṣù 12, ₦36,667 ni lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ohun tí ẹ ń san fún káàdì níbẹ̀rẹ̀ àpẹẹrẹ wa àkọ́kọ́, àmọ́ èyí ní òpin: oṣù kejìlá pé, gbèsè tán.

N kò ní jẹ́ kí 10% yẹn tàn yín jẹ, nítorí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ fẹ́ràn láti máa fi yangàn. Orí gbogbo ₦400,000 ni wọ́n ti ṣírò èlé náà, bẹ́ẹ̀ oṣooṣù ni gbèsè yín ń dín kù. Tí ẹ bá ṣe é bí báǹkì ṣe ń ṣe tirẹ̀, lórí ohun tó ṣẹ́ kù lọ́rùn yín, èlé yẹn sún mọ́ 18% lọ́dún. Tí ẹgbẹ́ bá tún wá lọ yọ èlé níwájú, tó jẹ́ ₦360,000 ni wọ́n kó lé yín lọ́wọ́, tí ẹ sì ń dá ₦400,000 padà, ó ti ń lọ sí 20%. Ó ṣì sàn ju ti káàdì yẹn lọ dáadáa, apá kan nínú rẹ̀ á sì padà sọ́dọ̀ yín nígbà tí wọ́n bá ń pín èrè lọ́dún. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí ẹ tó buwọ́ lùwé: ṣé iwájú lẹ ti ń yọ èlé, àbí ẹ̀yìn? Ìbéèrè kan yìí tó ₦40,000 lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ kó ọjà.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í rántí nìyí, ó sì ti da ọ̀pọ̀ láàmú níwájú mi: bí ẹ ṣe ń san lóònù, ẹ kò ní dẹ́kun owó ìfipamọ́. ₦36,667 ti lóònù, ₦20,000 ti ìfipamọ́, ó di ₦56,667 lóṣù. Tí ẹ bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 26 lóṣù, bíi ₦2,180 ló gbọ́dọ̀ kúrò nínú èrè ojoojúmọ́ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ lọ sílé. Ọjọ́ òjò ńkọ́, tí omi bá gba gbogbo títì, tí oníbàárà kankan kò wá? Tí ẹ bá wo ìwé ọjà yín tí ₦2,180 yẹn kò sì ṣòro, ẹ yá a. Tó bá máa ni yín lára, ẹ dín in kù sí ₦250,000. Kò sí ẹni tó fi dandan lé e pé kí èèyàn yá gbogbo ohun tó lẹ́tọ̀ọ́ sí.

Mo ti ń yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò ó lé ní ogún ọdún, síbẹ̀ alájẹṣẹ́kù ti jẹ owó tèmi náà mọ́lẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ kan ní apá Mainland Èkó lọ́hùn-ún ni, níbi tí mò ń gbé, n kò ní dárúkọ wọn. Mo sanwó fún ọdún mẹ́ta, n kò lọ sí ìpàdé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, mo gbà pé mo mọ̀ wọ́n. Oṣù kọkànlá ọdún kẹta, mo ní kí wọ́n gbé lẹ́jà wá, ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sí. Akápò kọ́kọ́ fún mi ní ohun tútù. Mo mu ún tán, lẹ́jà kò tíì dé. Nígbà tó wá dé, mo ṣí ojú ìwé tèmi, mo gbé páásìbúùkù mi tì í. Nínú páásìbúùkù, owó wọlé títí dé oṣù kẹwàá, ó buwọ́ lù ú níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bírò aláwọ̀ ewé. Nínú lẹ́jà, oṣù kẹta ni orúkọ mi ti dákẹ́. Oṣù méje gbáko, owó mi kò dé àpò ẹgbẹ́. Kì í sì í ṣe tèmi nìkan. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ládùúgbò wa ni mo gbé ẹjọ́ náà lé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo rí ìdajì gbà. Ìdajì yòókù ni mo fi kọ́gbọ́n.

Nítorí náà, ẹ má san owó ìwọlé lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́. Ẹ kàn lọ jókòó. Ẹ wo ara ògiri tàbí kí ẹ béèrè ìwé-ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ wọn. Èèyàn mẹ́wàá péré tó láti dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kò sí àwáwí pé àwọn kéré jù láti forúkọ sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn tó ń bójú tó o ní Aláúsá, nínú iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ káràkátà àti alájẹṣẹ́kù, ẹ lè mú nọ́ńbà tó wà lórí ìwé-ẹ̀rí náà lọ bá wọn. Ẹ béèrè pé èèyàn mélòó ló ń buwọ́ lùwé kí owó tó lè jáde ní báǹkì. Tó bá jẹ́ akápò nìkan, ẹ máa bọ̀. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n yẹ ìwé owó wò kẹ́yìn, ta ló sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ sì fetí sílẹ̀ sí bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ń bá alága sọ̀rọ̀. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè béèrè ọ̀rọ̀ owó kí wọ́n má pè é ní oníwàhálà, owó ti ń jò níbẹ̀. Ìrẹsì àti òróró tí wọ́n ń pín lọ́dún kì í ṣe ẹ̀rí, mo ti rí ẹgbẹ́ tó pín ìrẹsì lóṣù kejìlá tó sì fọ́ lóṣù kejì.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé kò sí ìjọba tó dúró fún owó inú alájẹṣẹ́kù níbí bí wọ́n ṣe dúró fún ti àbúrò yín. Bí báǹkì bá wọlẹ̀ ní Nàìjíríà, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dúró fún owó inú báǹkì, á san tó ₦5,000,000 fún ẹni tó ní owó níbẹ̀, láti 2024 nìyẹn, tó bá jẹ́ báǹkì kékeré tí a ń pè ní microfinance, ₦2,000,000. Ti ẹgbẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Ojú yín ni NDIC yín. Owó ilé-ìwé àti owó ìlera, ẹ fi wọ́n sí báǹkì. Owó tí ẹ fẹ́ fi mú ọjà gbòòrò ni kí ẹ máa gbé lọ sí ìpàdé.

Ti ọdún yìí ńkọ́? Oṣù mẹ́ta lẹ sọ, ẹgbẹ́ kò lè bá yín débẹ̀. Ká ní èmi ni, n kò ní yá ₦400,000 lọ́dún yìí rárá. Màá lọ bá ẹni tí mò ń kó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, tó mọ ojú mi, tó mọ ṣọ́ọ̀bù mi, màá ní kó fún mi ní léèsì ogún láwìn, kí n san ìlàjì sílẹ̀, kí n san ìyókù lọ́sẹ̀ mẹ́fà. Àwìn Ìdúmọ̀tà ti wà kí káàdì tó dé, iye tí wọ́n fi ń lé owó ọjà náà kò ṣòro láti mọ̀: ẹ béèrè iye tí ẹni tó san tán lẹ́ẹ̀kan ń rà á, ẹ béèrè iye tí aláwìn ń rà á, ohun tó wà láàárín wọn ni èlé yín. Tàbí tí ẹ bá wà nínú èésú, ẹ bẹ ẹni tí ó kàn pé kó jẹ́ kí ẹ kó ṣáájú òun. Áàpù tó ń yáni lówó láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má sún mọ́ ọn. Àwọn kan nínú wọn máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù èèyàn pé olè ni, bẹ́ẹ̀ orí fóònù yín ni gbogbo oníbàárà yín wà.

Ó ku ti bàbá wọn. Fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ kì í béèrè kí ọkọ buwọ́ lùwé, ẹ̀yin lẹ ń wọ ẹgbẹ́, kì í ṣe òun. Àmọ́ ẹ má fi pamọ́ fún un. Ọkọ tí kò fẹ́ gbọ́ lóònù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti rí ibi tí wọ́n ti gbé tẹlifíṣọ̀n ẹnì kan lọ. Ẹ gbé ìṣírò ₦36,667 yẹn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ sọ fún un pé fún oṣù mẹ́wàá àkọ́kọ́, ìfowópamọ́ nìkan ni, kò tíì sí gbèsè kankan. Ohun kan wà lórí fọ́ọ̀mù náà tí á béèrè orúkọ rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn: ẹni tí ẹgbẹ́ máa kó owó yín fún bí ọlọ́jọ́ bá dé. Àwọn obìnrin ọjà máa ń fò ó kọjá, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ fi ẹnu ara àwọn pe ikú. Ẹ kọ ọ́. Ẹ má kọ "Ìyá Bọ̀sẹ̀" tàbí "àkọ́bí mi". Orúkọ kíkún, bó ṣe wà lórí NIN onítọ̀hún, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tó ń lọ.